Mo ń wá àwọn tí a ó jọ fi ọtí sílẹ̀ n'Ìbàdàn

ỌmọGéètì | Ọjọ́ Àìkú, 11:52 alẹ́

Ẹ kú ààjìn o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, mi ò dá sí i rí. Lónìí, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀.

Ìbàdàn ni mo wà. Ẹni ọdún 41 ni mí, ẹ̀yà ara mọ́tò ni mò ń tà ní Géètì, mo níyàwó, mo bímọ mẹ́ta. Ọtí ni ẹjọ́ mi. Kì í ṣe ọtí òde àríyá, ọtí àárọ̀ kùtù ni. Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ìyá alágbo mu párága, torí bí mi ò bá mu ún, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n débi tí mi ò ní lè ka owó fún oníbàárà. Tó bá di ọ̀sán, ọtí inú ọ̀rá mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tó bá di alẹ́, mi ò kà á mọ́. Nígbà tí NAFDAC fòfin de ọtí inú ọ̀rá ní oṣù kejì ọdún 2024, mo ní Ọlọ́run ti gbà mí. Lọ́jọ́ kejì, páálí méjì ni mo rà pamọ́ sábẹ́ káńtà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo fẹ́ jáde lálẹ́, mi ò rí bàtà mi. Gbogbo bàtà, àti sálúbàtà, kò sí ọ̀kan. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 9, ló kó wọn sínú àpò gàrí. Mo na ọmọ náà. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ìdí tó fi ṣe é fún mi: ó ní bí bàbá òun ò bá rí bàtà wọ̀, kò ní lè dé ilé ọtí.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì mẹ́ta ni mo ti gbà pé n ò ní padà sí i mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọdún ìtúnu ni mo máa ń padà. Mo ti rí i nínú fíìmù bí àwọn òyìnbó ṣe ń jókòó yí ká tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ọtí wọn fún ara wọn. Ṣé irú rẹ̀ wà nítòsí? Ṣé nǹkan ìjọ ni, torí Mùsùlùmí ni mí? Èló ni wọ́n ń gbà? Ṣé ẹni tó bá rí mi níbẹ̀ kò ní wá sọ ọ́ ní Géètì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Mo ti bú ara mi tó.

Ẹlẹ́jaBódìjà | Ọjọ́ Ajé, 12:30 òru

Kò sẹ́ni tó máa bú yín níbí. Mi ò mọ ẹgbẹ́ kankan, àmọ́ mo kọ eléyìí kí ọ̀rọ̀ yín lè wà lókè, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lè tètè rí i.

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbá | Ọjọ́ Ajé, 5:20 àárọ̀

Àbúrò mi, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, mi ò sì lè dákẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí o tó wá ẹgbẹ́ kankan, ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dáadáa. MÁ ṢE DÉDÉ DÁ ỌTÍ DÚRÓ láìrí dókítà.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n láàárọ̀, tó wá ń rọlẹ̀ bí ọtí bá ti wọnú, ohun tó ń sọ ni pé ọtí ti mọ́ ara náà lára débi pé kò lè dá dúró láìsí i. Bí irú ara bẹ́ẹ̀ kò bá rí ọtí mọ́ lójijì, láàárín wákàtí 6 sí 24, ìgbọ̀nrìrì, òógùn àti èébì á bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, gìrì lè gbé ènìyàn. Láti nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ẹlòmíràn á máa rí kòkòrò lára ògiri, á máa bá ẹni tí kò sí nílé sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ á gbóná, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Ó ń pa ènìyàn. Mo rántí ọkùnrin kan tí ẹbí rẹ̀ tì mọ́ yàrá, wọ́n ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ̀mí ọtí lè fi í sílẹ̀. Òru ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e wá bá wa. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta kò mọ́ bá a. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni o. Wọn ò mọ̀ ni.

Oògùn wà tí dókítà fi máa ń rọ ara sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ bíi márùn-ún sí méje, wọ́n á sì fún ọ ní fítámì B1, torí ọtí kì í jẹ́ kó dúró lára. UCH kò jìnnà sí Géètì. Lọ síbẹ̀, kí o sì sọ iye tí ò ń mu gan-an. Gbogbo ènìyàn ló máa ń gé e kù, ṣùgbọ́n iye tí o bá pè ni wọ́n máa fi díwọ̀n oògùn rẹ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù orúkọ ń bà ọ́. Ìtòsí Aro ni wọ́n bí èmi sí, mo sì mọ̀ bí "wọ́n ti gbé e lọ sí Aro" ṣe di èébú kárí ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí àwọn ènìyàn kò rántí ni pé nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Inú ilé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká ló fi wọ́n wọ̀ sí, tòun ti ẹbí kan tó máa dúró tì wọ́n. Wọ́n á gba ìtọ́jú lójú ọ̀sán, wọ́n á padà sáàárín ènìyàn nírọ̀lẹ́. Ohun tí ìwọ náà ń wá nìyẹn: dókítà fún ara, ènìyàn fún ìyókù. Ṣùgbọ́n dókítà ni kó ṣáájú.

Bọ̀dáPeckham | Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀

Ohun tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ ni kí o kọ́kọ́ ṣe, àbúrò. Èmi á dá ọ lóhùn nípa ìpàdé, torí ọdún 11 rèé tí mo ti ń lọ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ tí o rí nínú fíìmù yẹn ni Alcoholics Anonymous, AA ni gbogbo ayé ń pè é.

Kọ́bọ̀ kan wọn kì í gbà. Wọ́n á gbé àpò kékeré kiri, ẹni tó bá ní á fi díẹ̀ sí i fún owó yàrá àti tíì, ẹni tí kò ní á gbé e fún ẹni tó kàn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ó wù ọ́ láti fi ọtí sílẹ̀. Yàrá ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń yá nítorí pé ó dínwó, àmọ́ kì í ṣe ìjọ. Lóòótọ́, wọ́n dárúkọ Ọlọ́run nínú ìgbésẹ̀ 12 tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ pé Ọlọ́run bó bá ṣe yé kálukú. Mùsùlùmí wà nínú ẹgbẹ́ tèmi. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Gáńbíà, òun ló ń po tíì fún wa, àní nínú Ràmàdáánì tí òun fúnra rẹ̀ kì í mu nínú rẹ̀.

Ní ti àṣírí, orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wàá sọ. Kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. O ní ẹni tó bá rí ọ níbẹ̀ lè lọ sọ ọ́ ní Géètì. Àbúrò, kí ni òun náà wá ṣe níbẹ̀?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo wọlé, mo jókòó sórí àga tó súnmọ́ ilẹ̀kùn jù lọ, mi ò bọ́ kóòtù. Awakọ̀ takisí kan dìde sọ̀rọ̀, òyìnbó tó ti darúgbó. Ó ní inú táńkì omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni òun máa ń kó ìgò sí kí ìyàwó òun má bàa rí i. Ara mi bù máṣọ. Ibẹ̀ gan-an ni èmi náà ń kó tèmi sí, ìyàwó mi kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn. Ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń gbà mí nímọ̀ràn nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí ọ̀rọ̀ táńkì yẹn. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn. Ó kàn sọ tirẹ̀.

ÀjíhìnrereAdó | Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Arákùnrin, mo ń gbàdúrà fún yín, tọkàntọkàn ni mo sì fi ń sọ eléyìí. Ìpàdé tí ènìyàn ti máa ń dìde tí á ní "ọ̀mùtí ni mí" yìí ń kọ mí lóminú. Yorùbá kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi lé ara rẹ̀ lórí. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ pé ọ̀mùtí ni òun, báwo ni orí rẹ̀ ṣe máa gbọ́ nǹkan mìíràn? Ẹ jẹ́ kí ìràpadà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bọ̀dáPeckham | Ọjọ́ Ajé, 2:40 ọ̀sán

Ẹ ṣé sà. Ohun tí ẹ sọ yìí di èmi náà lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nígbà tó kàn mí, ohun tí mò ń sọ ni, "Orúkọ mi ni báyìí, mo fẹ́ fi ọtí sílẹ̀." Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Kò sí òfin tó ní dandan ni kí ènìyàn fi orúkọ yẹn pe ara rẹ̀.

Ìgbà tó yá ni mo wá ń sọ ọ́ bí àwọn yòókù ṣe ń sọ ọ́, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀. Àwa Yorùbá náà la ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Bí mi ò bá fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo jẹ́, bí wọ́n bá gbé ife wá, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi kọ̀ ọ́? Àdúrà kò sì ta ko ìpàdé. Mo ṣì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

BàbáIfẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, 7:50 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni kí ènìyàn kó ara wọn jọ nítorí ọtí. Ṣé a ti gbàgbé Ọbàtálá ni? Olódùmarè rán an láti wá dá ilẹ̀ ayé, ó mu ẹmu lọ́nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà gba iṣẹ́ náà ṣe. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún àwọn olórìṣà rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: òun nìkan ló mu ún, ṣùgbọ́n kò dá èèwọ̀ rẹ̀ pa mọ́. Gbogbo àwọn tó jẹ́ tirẹ̀ ló ń bá a pa á mọ́ títí dòní. Bí ẹnì kan nínú wọn bá fẹ́ nawọ́ sí igbá ẹmu, ẹni tó jókòó tì í á rán an létí. Ẹgbẹ́ tí ọmọ yìí ń wá kò ṣàjèjì sí wa.

Àdìsá_Houston | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:10 òru

Mo fẹ́ sọ ohun tí àwọn olùwádìí rí. Ní 2020, Cochrane, àjọ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, kó ìwádìí 27 jọ, tó kan ènìyàn 10,565. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọdún kan, nínú 100 ènìyàn tí wọ́n tọ́ka sí ọ̀nà AA, nǹkan bí 42 ni kò fẹnu kan ọtí rárá. Nínú àwọn tó gba irú ìtọ́jú mìíràn, nǹkan bí 35 ni. Kì í ṣe idán, àmọ́ ó pọ̀ jù ohun tí ẹnì kan lè fi ojú fò dá, pàápàá nígbà tí kò náni ní kọ́bọ̀.

Èmi ò dúró ní AA. Ọ̀rọ̀ agbára tó ju tèmi lọ kò wọ̀ mí létí nígbà náà. SMART Recovery, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí ní Amẹ́ríkà ní 1994, ni mo lọ. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn níbẹ̀, ẹ̀kọ́ bí ènìyàn ṣe ń mójú tó ìrònú àti ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ni, wọ́n sì ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ti àkọ́kọ́ kò bá bá ọ mu, Ẹ̀gbọ́n, má padà sílé ọtí. Yà sí èkejì.

ÌyáÌbejì_Ọ̀ṣun | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:00 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ tèmi, ìyàwó yín ni mo fẹ́ kí ẹ kà á fún. Ọdún 14 ni mo fi ń ka ìgò ọkọ mi. Mo dà á sí gọ́tà, mo bu omi là á, mo pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù mo ní ibà ló dá a dúró. Mo bí ìbejì, mo ṣì ń gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀ kí n tó fún ọmọ lọ́mú. Nígbà tí ó bá mu, èmi ni mo ń ṣàìsàn.

Ẹgbẹ́ kan wà fún àwa tí ọtí kò sí lọ́wọ́ wa ṣùgbọ́n tó wà nínú ilé wa. Al-Anon lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó ọ̀kan lára àwọn tó dá AA sílẹ̀ ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú obìnrin mìíràn ní 1951. Orí fóònù ni mo ti ń wọ tiwọn, nínú ilé ìdáná, pẹ̀lú ohun tí mo fi dí etí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó tú mi sílẹ̀: pé èmi kọ́ ni mo fà á, mi ò lè ṣèdíwọ́ fún un, mi ò sì lè wò ó sàn. Mo sunkún títí ìrẹsì fi jóná lórí iná.

Àti ọmọ tó kó bàtà pamọ́ yẹn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 9 kò yẹ kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

ỌmọGéètì | Ọjọ́bọ̀, 9:30 alẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀. Mo kà á fún ìyàwó mi náà, ó ní kí n kí Ìyá Ìbejì. Mo lọ rí dókítà lánàá. Mo pe iye tí mò ń mu, mi ò gé e kù. Wọ́n ní kí n wọ wọ́ọ̀dù. Àbúrò ìyàwó mi ló máa dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará Géètì gbọ́ pé ibà ni.

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbá | Ọjọ́bọ̀, 9:41 alẹ́

Ẹkún ayọ̀ ni mò ń sun níbí. Lọ, àbúrò mi. Mu omi dáadáa, kí o sì jẹun.

ỌmọGéètì | ọjọ́ 12 lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 alẹ́

Mo ti jáde. Ọjọ́ 7 ni mo lò. Mo sun oorun kan tí mi ò rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdékùnrin. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n mọ́.

Bọ̀dá, mo wá ìpàdé káàkiri itòsí Géètì, mi ò rí. Mo wọ èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí Zoom. Inú mọ́tò ni mo ti wọ̀ ọ́, mo gbé e sí ìdí ilé kan tó dákẹ́. Òyìnbó ni gbogbo wọn, obìnrin kan láti Scotland ń sọ̀rọ̀, ìdajì ohun tó ń sọ kò yé mi, síbẹ̀ ohun tó ń sọ yé mi. Ṣùgbọ́n dátà ń jẹ owó, iná ń lọ, bí mo bá sì pa fóònù, inú mọ́tò náà ni mo tún wà, èmi nìkan, ilé ọtí mẹ́ta sì wà lójú títì yẹn. Mo fẹ́ ẹni tí mo lè rí sójú.

Bọ̀dáPeckham | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:20 alẹ́

Jẹ́ kí n sọ bí ẹgbẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ, torí ọ̀rọ̀ rẹ ló jọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, oníṣòwò kan láti New York, Bill Wilson, wà ní ìlú Akron ní Ohio. Òwò tó bá wá fọ́ mọ́ ọn lórí. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí kò ti mu ọtí. Ó dúró ní yàrá ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó wà ní ibi ọtí lápá kan, tẹlifóònù sì wà lápá kejì. Ó mọ̀ pé bí òun bá wọ ibẹ̀ yẹn, ó ti tán. Ó lọ sídìí tẹlifóònù, ó ń pe àwọn àlùfáà ìlú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ọ̀mùtí mìíràn tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Bob Smith, tí ọtí ti fẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Dókítà náà ní ìṣẹ́jú 15 péré ni òun máa fún un. Ó ju wákàtí mẹ́fà lọ kí wọ́n tó dìde. Ife ìkẹyìn tí dókítà náà mu jẹ́ ti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún yẹn, ọjọ́ náà sì ni AA kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Àwọn méjì ni. Kò sí yàrá, kò sí ìwé, kò sí àpò tíì. Ìwé wọn kò jáde títí di 1939. Títí di ìsinsìnyí, ohun tí AA gbà ni pé bí ọ̀mùtí méjì tàbí mẹ́ta bá ti pàdé láti ran ara wọn lọ́wọ́ kúrò nínú ọtí, tí wọn ò so ó mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n lè pe ara wọn ní ẹgbẹ́ AA. Àbúrò, ẹnì kan péré ni o ń wá.

Olùkọ́_Mọ́kọ́lá | Ọjọ́rú, 12:48 òru

Ẹni náà rèé.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí n'Ìbàdàn, mo ti fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, èmi nìkan, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo wọ ìpàdé kan l'Ékòó nígbà kan, mo padà sílé, owó ọkọ̀ kò jẹ́ kí n lè máa lọ. Ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń ṣófo láti aago 4 ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá ilé ìwé sì gbà kí n lò ó. Bọ̀dá Géètì, mo ti kọ sí àpótí yín.

ỌmọGéètì | ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀

Mi ò fẹ́ kọ eléyìí. Olùkọ́ ló ní kí n kọ ọ́.

Èmi àti Olùkọ́ ti pàdé ní Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin. Lórí àga àwọn ọmọ kéékèèké la ń jókòó sí, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ń lọ dáadáa. Ní Sátidé, wọ́n ṣe ìdáná ọmọ àbúrò bàbá mi. Àgbà ìdílé gbé ife fún mi, ó ní kí n gbàdúrà fún àwọn ọmọ kí n sì mu. Àgbà ni. Mo mu ún. Ìyẹn ti jẹ́ ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n máa gbé mi délé, mi ò mọ ọ̀nà. Ọjọ́ 35 ti lọ.

Olùkọ́_Mọ́kọ́lá | Ọjọ́ Ajé, 6:11 àárọ̀

Ọjọ́ 35 kò lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti lò ó láìmu ọtí. Aago 5 Ọjọ́bọ̀, àga yín wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ wá lónìí.

BàbáIfẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

Ọmọ mi, ó yẹ kí a ti kọ́ ọ ní èyí ṣáájú. Bí àgbà bá gbé ife fún ọ, má kọ̀ ọ́ lójú rẹ̀. Gbà á lọ́wọ́ méjèèjì, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bó bá ṣe yẹ, ta díẹ̀ sílẹ̀, ṣàdúrà náà kó gùn, kí o sì gbé ife náà fún ẹni tó kàn ọ́. Àdúrà ni wọ́n ń fẹ́ lẹ́nu rẹ, wọn kò ní wo inú ife. Bí àgbà náà bá tẹnu mọ́ ọn, sọ pé oògùn tí mò ń lò kò bá ọtí mu, Bàbá. Kì í ṣe irọ́.

Bọ̀dáPeckham | Ọjọ́ Ajé, 8:00 àárọ̀

Ohun tí Bàbá sọ yìí, ọdún 11 ni mo fi wà láìmọ̀ ọ́n, mo ṣáà ń sá fún gbogbo ìdáná.

Àbúrò, èmi náà ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún àkọ́kọ́. Kí o tó lọ òde, bi ara rẹ: ṣé ebi ń pa mí, ṣé inú ń bí mi, ṣé mo dá wà, ṣé ó rẹ̀ mí? Bí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí i. Má dá lọ. Mú Olùkọ́ dání, kí màlt wà lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì kí ẹ tó jókòó. Ẹni tí ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kì í gbé òmíràn fún un. Àti pé kí o pe nọ́ḿbà Olùkọ́ KÍ o tó mu, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n kí o tó mu ni.

Nọ́ọ̀sìẸ̀gbá | Ọjọ́ Ajé, 9:15 àárọ̀

Àárọ̀ yìí ńkọ́? Ṣé ọwọ́ ń gbọ̀n? Bí ó bá ń gbọ̀n, padà lọ bá dókítà lónìí. Ìtìjú kò gbọdọ̀ dá ọ dúró.

ỌmọGéètì | Ọjọ́ Ajé, 9:22 àárọ̀

Kò gbọ̀n, mà. Orí ló ń fọ́ mi. Mo ti tú páálí tó wà lábẹ́ káńtà dà nù. Mi ò sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

ỌmọGéètì | oṣù méjì lẹ́yìn náà, Jímọ̀, 7:40 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti di mẹ́rin. Awakọ̀ kan láti gáráàjì Ìwó Road ni ẹni kẹta. Ẹni kẹrin, ìyá alágbo tí mo máa ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ló mú un wá. Ọmọ rẹ̀ ni. Ó rí i pé mi ò yà mọ́, ó dá mi dúró lójú títì, ó ní, "Ọ̀gá, kí lẹ lò? Ẹ ràn mí lọ́wọ́, ọmọ mi ń mu gbogbo ohun tí mo ń tà." Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo kàn sọ ọjọ́ àti aago fún un. Ní Ọjọ́bọ̀, ó mú ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà.

Ọmọ ọdún 23 ni. Kò sọ̀rọ̀ rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àga tó súnmọ́ ilẹ̀kùn ló jókòó sí. A kò fi ipá mú un. Awakọ̀ sọ tirẹ̀, Olùkọ́ sọ tirẹ̀, èmi náà sọ ọ̀rọ̀ páálí abẹ́ káńtà. Ibẹ̀ lọ́mọ náà gbé orí sókè. Láná, ó sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin mi bi mí láná pé ibo ni mò ń lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo jókòó tì í, mo sọ ọ́ fún un bó ṣe yẹ kó yé ọmọ ọdún 9, mo sì tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ bàtà. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí aago 4 kọjá, ó gbé bàtà mi wá sẹ́nu ọ̀nà.

Àga tó ga díẹ̀ la ń wá báyìí, ti àwọn ọmọ yẹn kò gba awakọ̀ wa. Ẹni tó bá wà n'Ìbàdàn tó fẹ́ bá wa jókòó, kó kọ sí àpótí mi tàbí ti Olùkọ́. Ọjọ́bọ̀, aago 5 ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ ń mú omi tútù wá, èmi ń mú àkàrà.

ÌyáÌbejì_Ọ̀ṣun | Jímọ̀, 8:02 alẹ́

Ẹ fi nọ́ḿbà ìyá alágbo yẹn ránṣẹ́ sí àpótí mi, tó bá gbà. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.